Kì í ṣe gbogbo ohun tó hù lórí igi ni àfòmọ́

Àgbẹ̀ tó gun ọ̀pẹ kó lè ya ewé tó hù sára rẹ̀ dànù, tó ní àfòmọ́ ni, agbára rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Èyí tó fọwọ́ ṣẹ́ àfòmọ́ kúrò lórí osàn rẹ̀, tó gbà pé ó ti tán, yóò tún bá a níbẹ̀ nígbà tí òjò bá dé. Ibì kan náà ni àṣìṣe méjèèjì ti wá: ohunkóhun tó bá ti hù lórí igi mìíràn là ń pè ní àfòmọ́. Oríṣiríṣi ni wọ́n, ohun tí a ó sì ṣe sí ọ̀kan kọ́ la ó ṣe sí èkejì.

Ìbéèrè kan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: níbo ni ẹnu rẹ̀ wà? Ẹ wo ilé tí èèyàn mẹ́ta ń gbé. Ẹnì kan gba yàrá nìkan. Omi rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, òun ló ń wá a. Ẹnì kejì fọ́ páìpù onílé, ó so tirẹ̀ mọ́ ọn. Omi onílé ló ń mu, àmọ́ ó ń dáná tirẹ̀. Ẹnì kẹta kì í dáná rárá, inú ìkòkò onílé ló ti ń bù jẹ. Ẹni àkọ́kọ́, ayálégbé ni, kò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Àwọn méjì yòókù ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní ajẹnirun.

Àfòmọ́ gidi, ẹnì kejì yẹn ni. Kì í ṣe ewéko kan ṣoṣo. Tapinanthus bangwensis, Globimetula braunii àti Phragmanthera capitata wà lára àwọn tí à ń rí lórí kòkó, obì, osàn, gúáfà àti rọ́bà nílẹ̀ Yorùbá. Lórí igi emi ní ìhà ọ̀dàn, Agelanthus dodoneifolius ló wọ́pọ̀. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀: à-fò-mọ́, ohun tó fò, tó sì lẹ̀ mọ́ nǹkan. (Orúkọ yìí náà ni àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá mú fún “à-” àti “ì-” tí à ń so mọ́ iwájú ọ̀rọ̀, ó sì bá a mu gan-an.) Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló fò. Ẹyẹ ló gbé e fò.

Ẹ já èso rẹ̀ kan tó ti pọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀wà lọ, ó sì máa ń pupa. Tí ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, kóró kan yóò yọ jáde pẹ̀lú ohun kan tó ń yọ̀, tó ń fà bí ewédú tó jinná dáadáa. Ẹ gbọ̀n ọwọ́ yín, kò ní bọ́. Yóò kàn fà gùn bí òwú láàárín ìka ni. Ohun tó ń ṣe ẹyẹ náà nìyẹn. Ó jẹ ara èso náà tán, kóró lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu tàbí ní ìdí, ó bà lé ẹ̀ka mìíràn, ó sì fi ẹ̀ka náà nu ara. Bí àfòmọ́ ṣe ń ti orí igi kan dé orí èkejì nìyẹn. Kì í gba inú ilẹ̀ kọjá.

Kóró àfòmọ́ kò ní èèpo líle bíi ti àgbàdo tàbí ẹ̀wà, nítorí náà kò lè sùn sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ibi tó bá ti bọ́ sí ló ti ń hù, ìbáà jẹ́ orí wáyà iná. Ti orí wáyà yóò kú láìpẹ́. Ti orí ẹ̀ka tútù yóò na ọ̀mùnú kan tó ní àwọ̀ ewé jáde, ọ̀mùnú náà yóò kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, yóò sì tẹ̀ wá sí ìhà èèpo igi. Nígbà tí orí rẹ̀ bá kan èèpo, a tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bọ́tìnnì, a sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Lábẹ́ bọ́tìnnì yìí ni ẹnu rẹ̀ ti ń jáde, tí yóò la èèpo kọjá wọ inú igi. Ẹ̀ka tí èèpo rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́ ló rọrùn jù fún un. Èèpo ìdí igi tó ti gbó máa ń nípọn jù.

Ọ̀nà méjì ló wà nínú igi. Ọ̀nà omi wà nínú igi gan-an, ó ń gbé omi àti iyọ̀ ilẹ̀ láti gbòǹgbò lọ sókè. Ọ̀nà oúnjẹ wà lábẹ́ èèpo, ó ń gbé ṣúgà tí ewé ti sè lọ sí ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ọ̀nà omi ni ẹnu àfòmọ́ so mọ́. Oúnjẹ tirẹ̀, oòrùn ló fi ń sè é bíi ti ewéko gbogbo, ìdí sì nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbọn ewé onílé dànù.

Báwo ni ohun tó ń fa omi nìkan ṣe wá ń pa ẹ̀ka? Ara ewé gbogbo ló ní ihò tíntìntín tí omi ń gbà tú jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí omi ṣe ń tú jáde lókè ni òmíràn ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, igi a pa ihò rẹ̀ dé kí omi tó kù má baà tán. Àfòmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa tirẹ̀ dé. Kò gbọ́dọ̀ pa á dé, nítorí pé tí ewé rẹ̀ kò bá tú omi jáde ju ti onílé lọ, omi kò ní yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí onílé ń ṣọ́ omi ná, àfòmọ́ ń da tirẹ̀ nù. Apá ẹ̀ka tó kọjá ojú ìsopọ̀, láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó, omi kì í tó o mọ́. Ewé ibẹ̀ á kéré, èso á dín, lẹ́yìn náà ẹ̀ka á gbẹ. Ẹ̀yìn ojú ìsopọ̀, ní ìhà ìdí igi, sábà máa ń yè. Tí ẹ bá rí ẹ̀ka tí ṣóńṣó rẹ̀ ti gbẹ, tí ìdí rẹ̀ sì tutù, ẹ wo àárín bóyá kókó kan wú síbẹ̀.

Òwe wa ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Apá àkọ́kọ́ tọ̀nà pátápátá: kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Apá kejì ní ààlà. Àfòmọ́ kan lè bá ọ̀pọ̀ igi tan, kódà àfòmọ́ wà tó ń hù lórí àfòmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ìdílé ọ̀pẹ, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ọ̀nà omi àti ọ̀nà oúnjẹ wọn fọ́n káàkiri inú wọn bí okùn, kò tò yípo lábẹ́ èèpo bíi ti osàn tàbí kòkó, ẹnu àfòmọ́ kò sì rí ibi tó dára so mọ́. Èyí wúlò lóko: ohun tí ẹ bá rí lórí ọ̀pẹ, ẹ má tètè pè é ní àfòmọ́.

Tó bá jẹ́ àfòmọ́ lóòótọ́, ẹ̀ka ni kí ẹ gé, kì í ṣe àfòmọ́ nìkan. Ẹnu rẹ̀ ti wà nínú igi. Tí ẹ bá ṣẹ́ ewé àti ọ̀pá rẹ̀, ohun tó kù nínú yóò tún rú. Ẹ wá ojú ìsopọ̀, ẹ wọn nǹkan bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan (30 sẹ̀ǹtímítà) sí ìhà ìdí igi, kí ẹ sì gé e níbẹ̀ pẹ̀lú ayùn tó mú. Tó bá jìnnà sókè, ẹ so dòjé tàbí ayùn mọ́ orí ọ̀pá gígùn. Ẹ kọ́kọ́ fi ayùn ha abẹ́ ẹ̀ka kí ẹ tó gé e láti òkè, kó má baà ya èèpo igi lọ sísàlẹ̀ nígbà tó bá ń wó. Àsìkò tó dára jù ni ìgbà tí àfòmọ́ bá ń tanná, kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Òdòdó rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ sì wú bí orí ìṣáná. Tí ẹyẹ kékeré tó ń mu oje òdòdó bá ti ẹnu bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á bẹ́ lójijì, á sì da ìyẹ̀ sí ẹyẹ náà lójú. Tí ẹ bá ti rí i báyìí, àkókò gígé ti dé. Tí èso bá ti pupa kí ẹ tó gé e, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹyẹ má baà tún ṣà á lọ.

Ìṣòro gidi ni tó bá jẹ́ pé ara ìdí igi tàbí ẹ̀ka ńlá tí ẹ kò lè yọ̀ǹda ló so mọ́. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Ẹ fá a kúrò títí dé ojú èèpo, kí ẹ sì máa padà fá a ní gbogbo ìgbà tó bá rú, kí ewé rẹ̀ má ráyè dáná. Ẹ tún lè fi ọ̀rá dúdú tó nípọn dì í yípo, kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án rárá. Ó lè gba ọdún kan tàbí méjì kó tó kú tán. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí dísù sí i, èèpo igi ni yóò jó. Oògùn apakoríko náà kò dára, torí pé àfòmọ́ àti onílé ti di ara kan náà níbi ìsopọ̀. Ní oko kòkó, ẹ má gé gbogbo igi ìbòòji kúrò: oko tí oòrùn ń pa láìsí ìbòòji ni àfòmọ́ ń pọ̀ sí jù.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí àgbo níhìn-ín, torí pé ìdàrúdàpọ̀ ibẹ̀ lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Òyìnbó ń fi orúkọ kan náà, mistletoe, pe àfòmọ́ wa àti èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà Kérésì. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni Viscum album. Ìdílé mìíràn ni, èròjà inú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ìwádìí tí wọ́n bá ṣe lórí rẹ̀ ní Jámánì kì í ṣe ẹ̀rí fún ewé tí wọ́n ń tà ní ọjà Ìbàdàn, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ sára ike oògùn tó. Àwọn lẹ́kúlẹ́jà wa mọ ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì: wọn a béèrè pé àfòmọ́ orí igi wo lẹ fẹ́. Wọ́n jàre. Omi onílé ló ń mu, èròjà inú omi náà sì ń bá a wọlé, tó fi mọ́ májèlé tí onílé bá ní. Àfòmọ́ tí ẹ kò mọ igi tó ti wá, ẹ má fi se àgbo. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó fi àfòmọ́ kún un.

Àwọn ayálégbé ńkọ́? Ewé ńlá bí etí erin tó ń rọ̀ sílẹ̀ lára igi, Platycerium, àti àwọn òdòdó orí igi tí òyìnbó ń pè ní orchid, ara èèpo lásán ni wọ́n dì mọ́. Omi òjò àti ìdọ̀tí ewé tó kó jọ sí ìdí wọn ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣòro: ẹ rọra fà á, yóò ṣí kúrò pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, èèpo igi yóò sì wà bó ṣe wà. Àfòmọ́ gidi kò lè ṣí bẹ́ẹ̀ láé. Tí ẹ bá yọ òkú rẹ̀ kúrò, ojú igi á fẹ̀ bí òdòdó tí wọ́n gbẹ́. Àwọn àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tó lẹ̀ mọ́ èèpo kòkó náà kì í fa nǹkan kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀dán ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, torí pé ó ń pa ọ̀pẹ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ kò fa omi ara rẹ̀ rárá. Ẹyẹ tàbí àdán ló su kóró rẹ̀ sí ẹsẹ̀ imọ̀. Ó hù, ó sọ gbòǹgbò sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ títí ó fi kan ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó di igi tó dá dúró. Gbòǹgbò rẹ̀ á máa nípọn, á máa wé mọ́ra. Ewé rẹ̀ á bo orí ọ̀pẹ mọ́ oòrùn. Nínú ilẹ̀, á máa bá a du omi. Ẹ wá a nígbà tó ṣì kéré. Tí gbòǹgbò rẹ̀ kò bá tíì kan ilẹ̀, ọwọ́ lásán tó fà á yọ. Tó bá ti kan ilẹ̀, ẹ gé gbòǹgbò náà nísàlẹ̀, kí ẹ sì yọ ìdí rẹ̀ lókè, torí tí ẹ bá gé ọ̀kan ṣoṣo, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kẹta, tí kì í dáná, kò lẹ́wé. Ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, aláwọ̀ ìyeyè tàbí ọsàn, tó da bo òdòdó ọgbà ilé bí ìdì spaghetti, Cuscuta ni. Ọmọ ìyá ọ̀dùnkún ni. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, ọjọ́ díẹ̀ ló ní láti rí ẹni tí yóò wé mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fi hàn pé òórùn tòmátò ló ń tọ̀ lọ. Èyí tó jọ ọ́, tó nípọn díẹ̀, tó sì máa ń pọ̀ létí òkun, Cassytha ni, ìbátan píà. Sí èyí tó bá hù, ìmọ̀ràn kan náà ni: ẹ gé e pẹ̀lú ẹ̀ka tó wé mọ́, kí ẹ sì sun ún. Má fà á tú. Ègé tó bá já sórí ewéko mìíràn lè tún so mọ́ ọn.

Adé ilẹ̀ kò tilẹ̀ sí lókè rárá. Nínú igbó òjò, láàárín ewé tó já sílẹ̀, orí pupa kan máa ń yọ, ó ní ìpẹ́ ṣóńṣóṣóńṣó bí ọmọ ọ̀pẹ̀yìnbó. Àwọn kan rò pé olú ni. Òdòdó ni: Thonningia sanguinea. Kò ní àwọ̀ ewé níbì kankan lára. Isu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó so mọ́ gbòǹgbò igi, ibẹ̀ ló sì ti ń bù jẹ.

Àmọ́ nínú gbogbo wọn, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, Kwara àti gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn gbọ́dọ̀ mọ̀ dunjú ni Striga. Koríko olódòdó àlùkò tó dára lójú ni, kò sì dà bí olè rárá. Striga hermonthica ń ja àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì òkè lólè. Striga gesnerioides ń ja ẹ̀wà. Ti àgbàdo kì í mú ẹ̀wà, ti ẹ̀wà kì í sì mú àgbàdo.

Kóró rẹ̀ dà bí lẹ́búlẹ́bú, ìdámẹ́ta mìlímítà kan péré ló gùn. Ìdí kan lè so tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta (50,000) tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀. Kóró tó kéré báyìí kò ní oúnjẹ tó lè gbé e ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, nítorí náà kì í hù àfi tó bá gbọ́ pé gbòǹgbò wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbọ́. Tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ ewéko, bá tán nílẹ̀, gbòǹgbò àgbàdo a tú èròjà kan jáde láti fi pe àwọn olú tíntìntín inú ilẹ̀ tó ń bá a wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ìpè sí olùrànlọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ létí: Striga náà gbọ́, ó sì hù. Ní 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú èròjà yìí, nínú omi gbòǹgbò òwú. Ó di 2005 kí wọ́n tó mọ̀ pé olú ni ewéko ń fi pè. Ìdí nìyẹn tí oko tó ti ṣá fi ń ní Striga ju oko tí ajílẹ̀ wà lọ. Ebi tó ń pa àgbàdo ló ń mú un kígbe.

Ohun tó ń tan àgbẹ̀ jẹ ni àkókò. Nígbà tí Striga bá fi máa yọrí, ó ti lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí méje lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ti ba àgbàdo jẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àgbàdo á ràn, ewé á rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ilẹ̀ sì tutù. Wọn a ní ọ̀dá ni, àwọn mìíràn a ní ayé ni. Ẹ fi ọkọ́ wú ìdí kan jẹ́jẹ́, ẹ ṣan án nínú omi, kí ẹ wo ibi tí gbòǹgbò funfun kékeré ti so mọ́ gbòǹgbò àgbàdo.

Fífà tu kò ní gba àgbàdo ọdún yìí là, àmọ́ ti ọdún tó ń bọ̀ ló ń gbà là. Kóró inú ilẹ̀ dà bí owó nínú kóló: ìdí kan tó bá so kóró ti tún fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún kún un. Ẹ fà á kó tó so, lẹ́yìn tí ẹ ti ro oko tán pàápàá, torí pé ó ń yọ títí di ìkórè. Ẹ kó o kúrò lóko, ẹ sun ún.

Láti tú kóló náà dànù, ẹ fi sóyà, òwú tàbí ẹ̀pà gbà á ní ìpààrọ̀ àgbàdo. Gbòǹgbò wọn ń pè é, á hù, kò sì ní rí ibi tí yóò so mọ́, á kú. Ọdún kan kò tó, ẹ ṣe é ní méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó padà sí àgbàdo. Ẹ fi ajílẹ̀ tó ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí i. Ní ti irúgbìn, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí àgbàdo tó lè fara dà á. Sammaz 15 àti Sammaz 16 tí wọ́n gbé jáde ní 2008 wà lára wọn. Fún ẹ̀wà, B301, irúgbìn ìbílẹ̀ kan láti Botswana, ni wọ́n ti mú agbára ìkọ̀jálẹ̀ wọ ọ̀pọ̀ ẹ̀wà tuntun. Ẹ má ra irúgbìn tí wọ́n kó láti oko tó ní Striga. Tí ẹ bá sì ti irú oko bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ọkọ́ àti bàtà yín kí ẹ tó wọ oko tó mọ́.